Ẹnu Ẹja Tó Ṣófo

"Ẹyin dà?"

Ìyá Rífáàtì ló béèrè. Ó dúró nínú omi tó mù ún dé ìbàdí, ó fọwọ́ òsì di ẹja epìyà kan mú, ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún ya ẹnu rẹ̀, ó sì ń yọjú wo inú ẹnu náà bíi dókítà eléyín. Bàbá Ṣàhátà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Èmi wo ojú ọ̀run. Ẹja náà gan-an kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òun lẹnu rẹ̀ là jù nínú gbogbo wa.

Ó sọ ọ́ padà sómi, ó mú òmíràn. Òfo. Ó tún mú òmíràn. Òfo.

Ẹnu ni abo epìyà ń gbé ẹyin rẹ̀ sí. Tó bá ti yé e sílẹ̀, tí akọ sì ti ṣe tirẹ̀ sí i, ìyá á ṣa gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, á panu dé, kò sì ní jẹun títí àwọn ọmọ á fi jáde. Ọmọ ẹja la ń tà fáwọn tó ní adágún. Nítorí náà, láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, a máa ń wọnú omi, a máa ń ya ẹnu àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì gbọn ẹyin wọn sínú báàfù. Lóṣù kẹta, báàfù mẹ́fà ló ń kún, ẹyin pupa rúsúrúsú bí ọkà bàbà. Lóṣù kẹrin, ó di méjì. Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, a ti wọ oṣù karùn-ún, adágún kìíní kò ní nǹkan kan, ìkejì kò ní, ìkẹta kò ní. Ìkẹrin nìkan ló ní.

Bẹ́ẹ̀ adágún kẹrin ló burú jù. Òdìkejì gọ́tà ńlá tí omi àwọn oko ń ṣàn gbà ló wà, ìtì ọ̀pẹ kan ṣoṣo sì ni afárá rẹ̀. Òun ló kéré jù, koríko ti bo etí rẹ̀, ọgbọ̀n ìyá péré ló wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ọgbọ̀n yẹn ń bímọ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ.

"Ẹnjiníà," Ìyá Rífáàtì pè mí. Ẹni tó bá ti kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀ jáde ní yunifásítì, ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa, ìbáà jẹ́ nípa ewúrẹ́ ló kà á. "Ọdún mẹ́rin lo fi kàwé ẹja. Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Mo ń rò ó lọ́wọ́, Màmá."

"O ti ń rò ó látìgbà tí ẹ̀wà ṣì wà lóko. Wọ́n ti kórè ẹ̀wà. A ti ń jẹ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn lórí ilẹ̀ náà látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí Rífáàtì ọmọ rẹ̀ sì ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Kùwétì. Ọkọ rẹ̀ yẹn ló ṣa àwọn ẹja wọ̀nyí. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe é. Lọ́dọọdún, á yọ àwọn tí ẹ̀yìn wọn fẹ̀ tí orí wọn kéré sọ́tọ̀, á dá wọn padà sómi, á ta ìyókù. Ní gbogbo agbègbè Kafr Ṣéèkì, tí o bá ní "ẹja Bàbá Rífáàtì," ẹni tó ń ta ẹja á kọ́kọ́ gbójú sókè ná.

Ó gun etí adágún, omi ń ro tótó lára aṣọ dúdú rẹ̀.

"Ọ̀gá Disúkì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀," ó ní. "Tí ẹnu wọn bá ṣì ṣófo, kó kó gbogbo wọn lọ sọ́jà, kí wọ́n lọ yan wọ́n jẹ. Ọgbọ̀n ìyá ò lè gbé oko yìí ró. Màá fi ilẹ̀ gbin ìrẹsì."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Rífáàtì," ni Bàbá Ṣàhátà wí. Òun ni òṣìṣẹ́ tó pẹ́ jù lóko, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. "Ẹja olóògbé mà ni."

"Bàbá, olóògbé ò sí níbí tí á wá ya ẹnu wọn."

Ó gbé báàfù òfo sórí, ó wọlé lọ. Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá, kí wọ́n wá fi kúmínì àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, kó tán ní ọ̀sán kan! Oorun kì í tètè kùn mí tẹ́lẹ̀, tí nǹkan tí kò yé mi bá wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún lè jókòó.

Mo mú ìyá kan látinú adágún kejì, mo pa á, mo là á. Àpò ẹyin tó yẹ kó kún inú rẹ̀ bámú ti súnkì, ó rí bí òwú tí omi mu. Ọ̀fun rẹ̀ ti ń pọ́n, bí ọ̀fun akọ ṣe máa ń pọ́n tó bá ń wá ìyàwó. Mo padà lọ wo àwọn tó kù. Wọ́n ń lé ara wọn kiri inú àwọ̀n tí a ta sómi fún wọn, wọ́n ń já ara wọn nírù, bí ọkùnrin tó pọ̀ jù nínú yàrá kan.

Olùkọ́ wa kan ní yunifásítì ti sọ irú èyí fún wa. Ara ẹja ló máa ń ránṣẹ́ sí ara rẹ̀: ìwọ, yé ẹyin, ìwọ, di akọ. Àwọn kẹ́míkà kan wà tí ohùn wọn jọ ti iṣẹ́ tí ara ń rán yẹn. Wọ́n á bá omi wọlé, ara ẹja á rò pé òun lòun ń bá ara òun sọ̀rọ̀, á sì ṣe bí wọ́n ṣe wí. Àwọn abo kan á gbàgbé pé abo làwọn.

Ẹnì kan tàbí ohun kan ń parọ́ fáwọn ìyá wa. Ta ni?

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni oògùn akọ tiwa fúnra wa. Àwọn oníbàárà ò fẹ́ ju akọ lọ, torí akọ ló ń tóbi, tí kì í fi agbára rẹ̀ ṣòfò lórí ọmọ bíbí. Nítorí náà, fún oṣù kan àkọ́kọ́, oúnjẹ tí a pò mọ́ oògùn náà là ń fún àwọn ọmọ ẹja wínníwínní tó wà ní búkà, ahéré tí a ti ń tọ́ wọn, kí gbogbo wọn lè di akọ. Ṣùgbọ́n kíá ni mo yọ oògùn akọ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ búkà, ọrùn mi ló wà. Èmi nìkan ló ń fi ọtí líle yọ́ oògùn náà, èmi nìkan ló ń pò ó mọ́ oúnjẹ. Èyí tó bá sì ṣẹ́kù lójoojúmọ́, mo ti ṣe ètò tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gọ́tà ni Bàbá Ṣàhátà máa ń gbá a sí. Ní ìparí oṣù kẹta, mo ní rárá, kẹ́míkà ni, àwọn aládàágún mìíràn wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń lo omi kan náà, kí á má fi ṣe wọ́n níbi. Mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ ihò sẹ́yìn búkà, ó jìn dé orúnkún. "Ẹ ò ní da kẹ́míkà yìí sí gọ́tà mọ́, Bàbá," mo ní. "Ibí ni kẹ́ ẹ máa sin ín sí." Bàbá wo ihò, ó wo èmi náà, ó ní, "O káre, Ẹnjiníà."

Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, gọ́tà ni mo gbájú mọ́. Omi Náìlì, irè oko ló kọ́kọ́ ń mu ún lọ́dọ̀ wa. Èyí tí ìrẹsì àti òwú bá mu ṣẹ́kù, tòun ti oògùn kòkòrò, tòun ti omi ọṣẹ, ló kan ẹja. Bí òfin ṣe wí nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo so ìgò òfo méjìlá mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere mi, mo sì ń wà á lọ sókè gọ́tà, mo ń bu omi níbi tí mo bá ti rí ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Àgbẹ̀ kan tó ń fún oògùn sí oko rẹ̀ rí mi níbi tí mo gbé fi ikùn sùn sétí omi.

"Ẹnjiníà! Ṣé lóòótọ́ ni pé ìyàwó ẹja yín ti hu irùngbọ̀n?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ọjà ló ń sọ ọ́. Ẹ kúkú kó wọn lọ sílé ìjọba, kí wọ́n yí orúkọ wọn padà."

"Oògùn wo lẹ ń fún yìí, ẹ̀gbọ́n?"

"Oògùn kòkòrò. Ṣé kòkòrò ni ẹ́?"

"Ṣé ó máa ń ṣàn wọ gọ́tà?"

"Gbogbo nǹkan ló ń ṣàn wọ gọ́tà. Ìyàwó mi náà ń lérí pé òun á wọ gọ́tà. Ibo ló kù tí nǹkan á ṣàn wọ̀?"

Mo bu omi tirẹ̀ náà. Mo ti wa kẹ̀kẹ́ jìnnà, òòrùn ti dé àárín orí, kí ọ̀rọ̀ kan tó sọ sí mi lọ́kàn, tí mo fi fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lójijì, tí ìgò méjì já bọ́. Adágún kẹrin. Páńpù kan ṣoṣo ló ń fa omi fún adágún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ pé omi ló bà wọ́n jẹ́, kí ló dé tí kò ba ìkẹrin jẹ́?

Mo da gbogbo omi ìgò nù. Mi ò sọ pé omi gọ́tà mọ́ tónítóní o. Ẹja tó ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ ń jìyà, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ìyà yẹn, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń jẹ ẹ́, kì í ṣe òun ló fa èyí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a jókòó sórí ògiri adágún kìíní, èmi àti Bàbá Ṣàhátà, a ń jẹun àárọ̀: ẹ̀wà, àlùbọ́sà, wàràkàṣì funfun, búrẹ́dì tó ṣì ń gbóná. Mo ń fi ọwọ́ ṣàlàyé.

"Omi kan náà, Bàbá. Oúnjẹ kan náà, inú àpò kan náà. Ẹja ìdílé kan náà. Kí ni ìkẹrin ní tí tiwa ò ní?"

"Koríko."

"Mo ti gé koríko sórí ìkìíní lánàá."

"Mo rí i. Mo rò pé o fẹ́ sin ewúrẹ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Ó dáa. Ìyá Rífáàtì. Òun ló ń bọ́ wọn lọ́hùn-ún. Bóyá wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bímọ."

Òótọ́ ni, òun ló ń bọ́ wọn. Láti ìgbà òtútù tó kọjá tí Bàbá ti yọ̀ ṣubú lórí ìtì ọ̀pẹ yẹn, tí orúnkún rẹ̀ wú bí igbá, kò tún kọjá sí òdìkejì mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ju ọwọ́ sókè, búrẹ́dì ọwọ́ mi sì já bọ́ sínú erùpẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá ti mú un. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó fẹnu kò ó, ó gbé e kan iwájú orí, ó sì gbé e sórí ògiri fún àwọn ẹyẹ. Kò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró láti ṣe é. Bí gbogbo àgbàlagbà wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Èmi náà ti ṣe é ní kékeré, kí yunifásítì tó sọ mí di ọ̀lẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà búkà, mo ń wò ó bó ṣe ń kọjá létí àwọn adágún pẹ̀lú abọ́ aláwọ̀ ewé rẹ̀. Àwọn ìyá rí i lókèèrè. Kí ó tó dé etí omi, wọ́n ti dà gìrọ́gìrọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ kan àwọ̀n, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé. Mo lọ dúró síbì kan náà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹja kan tó wò mí.

"Wọ́n fẹ́ràn yín o, Bàbá!" mo kígbe.

"Wọ́n mọ ẹni tó ń ro tiwọn," ó dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́rú, mi ò ṣe nǹkan kan ju pé mo ń rìn yí adágún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ìyá Rífáàtì jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí, ó wọlé. Nígbà kẹta, ó gbé tíì fún mi.

"Jókòó, Níyáàzì. Wàá gbẹ́ kòtò sílẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Màmá, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

"Mo ti fún ọ ní oṣù kan àbọ̀." Ohùn rẹ̀ ò le. Ó ń wo adágún kìíní, níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. "Ṣé o rò pé ó wù mí ni? Tí mo bá ya ẹnu wọn tí mi ò rí nǹkan, ó dà bí ẹni pé òun ló ń panu mọ́ mi."

Mo mu tíì mi.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ Ọ̀gá Disúkì dé, pẹ̀lú táǹkì ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn sísanra ni, ó ń ta ẹja láti kékeré, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Ìyá Rífáàtì! Àwọn ìyàwó tó kọ ọkọ náà dà?"

"Wọ́n wà nínú omi. Ẹ sinmi ná. Ẹni kan kì í wá sílé yìí kó lọ láìjẹun." Ó yíjú sí mi. "Lọ mú adìẹ kan wá fún mi. Bàbá, ẹ bá mi pọ́n ọ̀bẹ."

Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n ríbi sá sí ni. Mo lé àkùkọ pupa kan, ó sá fún mi, mo tẹ̀lé e lọ sẹ́yìn búkà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn adìẹ mìíràn, ohùn ìbínú, lábẹ́ koríko, nísàlẹ̀.

Adìẹ dúdú ni. Èyí tó sọnù lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀, tí a rò pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti gbé e lọ. Ó jókòó nínú ihò mi. Ó ti kó pòròpórò gbígbẹ sí i, ó tẹ́ ẹ rekete, ó na ìyẹ́ rẹ̀ bo nǹkan, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Ihò náà mọ́ tónítóní. Kò sí ìyẹ̀fun oúnjẹ níbẹ̀, kò sí òórùn ọtí líle. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láràárọ̀, ní oṣù kan àbọ̀, mi ò bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Bàbá!"

Ó tiro dé pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. "O ti rí i! Àṣé kò kú!"

"Bàbá, kí ló dé tí ihò yìí fi ṣófo?"

Ó wo ihò, ó wò mí. Ojú tó fi wò mí nígbà tí mo gbẹ́ ẹ náà ló tún fi wò mí.

"Ṣé kí n máa sin oúnjẹ ni?" ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Oúnjẹ, nínú ilẹ̀? O ní kí n má dà á sí gọ́tà, mi ò dà á sí gọ́tà mọ́."

"Ibo lẹ wá ń dà á sí?"

"Sọ́dọ̀ àwọn ìyá ni. Ìyẹ̀fun tó kúnná báyìí, tó dùn ún jẹ? Mo máa ń fẹnu kò ó, màá sì pín in fún wọn. Ìkìíní, ìkejì, ìkẹta."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

"Orúnkún mi," ó ní. "Ṣé lórí ọ̀pẹ yẹn?"

Abọ́ aláwọ̀ ewé wà lórí ògiri, níbi tó máa ń wà lójoojúmọ́, níṣojú gbogbo wa. Mo gbé e sí imú. Òórùn ọtí líle.

Ojú mi ni Bàbá fi mọ̀. Ó rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Oògùn akọ yẹn," ó ní. "Àṣé èmi ni mo sọ wọ́n di ọkùnrin."

"Èmi àti ẹ̀yin ni, Bàbá. Mo pè é ní kẹ́míkà fún yín. Mi ò rántí pé oúnjẹ lẹ̀yin rí."

A ò gbọ́ ìgbà tí Ìyá Rífáàtì dé. Ó dúró sígun búkà, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Tí wọn ò bá jẹ ẹ́ mọ́," ó béèrè, "ṣé wọ́n á tún bímọ?"

"Á kúrò lára wọn díẹ̀díẹ̀, Màmá. Oṣù kan, bóyá méjì. Ó lè máà jẹ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn á bí."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wo Bàbá Ṣàhátà tó ti dorí kodò, ó fi ọwọ́ kàn án léjìká. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ wà, ó sì kígbe bí ẹni tí wọ́n dá ohùn rẹ̀ padà fún:

"Ọ̀gá Disúkì! Ẹ pa iná ọkọ̀ yín, ẹ wá jẹ ẹ̀wà! Kò sí ẹja tí a fẹ́ tà lónìí. A ò sì ní pa adìẹ mọ́!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ihò. Adìẹ dúdú fẹnu ṣá a lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò kà á sí. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó yọ ọ̀kan jáde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbóná.

"Ẹyin rèé, Ẹnjiníà," ó ní.